Ta Ló Ni Ewu Yìí? Ohun Tí Ẹgbẹ́ Wa Lè Kọ́ Lára Ilé-iṣẹ́ Iná Mànàmáná

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ní Àbíjàn

Ẹ̀yin tí ẹ ti Bouaké àti Daloa wá, ẹ kú ewu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìkíni yẹn. Bí èrò bá ti ọ̀nà jíjìn dé, "ẹ kú ewu" la fi ń kí i. Bí aboyún bá sọ̀ láyọ̀, a ó ní "ẹ kú ewu ọmọ", a ó sì fi kún un pé ewu iná kì í pa àwòdì. Gbogbo ìkíni wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ewu bá ti kọjá la máa ń sọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ wa gbé wá lónìí dá lórí ohun tó yẹ kí a máa ṣe kí ewu tó dé.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí iná kò tó mọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n sì gbé ìwé jáde pé àdúgbò báyìí ni yóò ní iná lọ́sàn-án, àdúgbò báyìí lóru. Ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní délestage nìyẹn. Ó di oṣù keje kí ó tó tán. Láàárín ìgbà náà, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta ẹja tútù wá bá ìgbìmọ̀ wa. Fírísà méjì ló ní. Ẹja inú méjèèjì ti bàjẹ́, owó àjọ ló sì fi ra ẹja náà. A tú ìwé òfin ẹgbẹ́ wò. A rí ìrànwọ́ fún òkú, a rí ti ìkómọ, a rí ti àìsàn, ṣùgbọ́n a kò rí ti ọjà tó bàjẹ́. A jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a ń jiyàn. Owó tí a fún un nígbẹ̀yìn kò tó owó àpò ẹja kan. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọpẹ́ tó dú yẹn ló dùn wá jù, nítorí a mọ̀ pé a kò ṣe ohun tó yẹ.

Láti ọjọ́ náà la ti ń bi ara wa pé: ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná fún odidi orílẹ̀-èdè, báwo ni wọ́n ṣe ń ronú nípa ohun tó lè bàjẹ́? Ta ló ń jókòó tì í? Kí ni ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa lè kọ́ níbẹ̀?

Iṣẹ́ kan wà ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rí. Iṣẹ́ àbójútó ewu gbogbo ilé-iṣẹ́ ni. Láyé àtijọ́, kálukú ló ń ṣọ́ ewu tirẹ̀. Ẹnjiníà ń ṣọ́ ẹ̀rọ, akọ̀wé owó ń ṣọ́ àpò, mégádì ń ṣọ́ olè. Kò burú, ṣùgbọ́n ewu kì í dá rìn, wọ́n máa ń fa ara wọn lọ́wọ́ ni. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, omi á fà nínú ìsédò. Bí omi bá fà, àwọn ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ ni gbogbo ẹrù yóò bọ́ sí lọ́rùn, wọn kò ní sinmi. Ẹ̀rọ tí kò sinmi yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, iná kò ní tó, ilé-iṣẹ́ kò ní rí iná tà, owó tí ì bá fi tún ẹ̀rọ ṣe yóò wọ́n. Ẹni tó ń ṣọ́ òjò kò mọ̀ pé òun ń ṣọ́ àpò owó pẹ̀lú. Nítorí náà ni wọ́n fi fi ẹnìkan ṣe olórí tí yóò kó gbogbo ewu sójú kan, tí yóò sì fi bí wọ́n ṣe so mọ́ra hàn. Ní ọdún 2009, àjọ àgbáyé tó ń ṣe òṣùwọ̀n fún iṣẹ́, ISO, gbé ìlànà kan jáde lórí iṣẹ́ yìí, nọ́ńbà rẹ̀ ni 31000, wọ́n sì tún un ṣe ní 2018. Ohun tí ìlànà náà sọ kò ṣòro: mọ ewu rẹ, wọ̀n ọ́n, pinnu ohun tí o fẹ́ ṣe sí i, máa ṣọ́ ọ, má sì dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára iná Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀.

Omi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìsédò Ayamé kìíní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, èkejì ní 1965. Kossou tẹ̀ lé e lórí odò Bandama ní 1972, Taabo ní 1979, Buyo lórí odò Sassandra ní 1980. Iná pọ̀, orí ìlú wú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìsédò yìí, ojú ọ̀run kan náà ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ọ̀dá dá, láti ìparí 1983 wọ inú 1984, omi fà nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, Àbíjàn sì ṣókùnkùn. Àwọn àgbà tó wà ní Treichville nígbà náà rántí bí àtùpà elépo ṣe padà wọ ilé. Ìsédò márùn-ún ni lójú ẹni tó ń kà á. Lójú ẹni tó ń wọn ewu, ọ̀kan ṣoṣo ni, nítorí òjò kan náà ló ń bọ́ gbogbo wọn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: ọ̀nà márùn-ún tó gba orí afárá kan náà kọjá, ọ̀nà kan ni.

Ìjọba gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n rí gáàsì nínú òkun wa níbí, ilé-iṣẹ́ CIPREL sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì ṣe iná ní Vridi ní 1995. Azito tẹ̀ lé e ní 1999. Láti ìgbà náà ni gáàsì ti gba ipò tí omi wà tẹ́lẹ̀, iná sì dúró débi pé wọ́n ń tà á fún Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso àti Mali. Àwa tí a mọ ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ NEPA nílé, a máa ń fi èyí yangàn bí a bá lọ sílé fún ọdún.

Síbẹ̀, oògùn tó wo àrùn kan lè gbé òmíràn wá. Bí iná orílẹ̀-èdè bá ti wá dúró lórí ẹ̀rọ ńlá díẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́, gbogbo ìlú ni yóò mọ̀. Ní 2010, ẹ̀rọ kan bàjẹ́ ní Azito, délestage sì dé. Ní 2021, ẹ̀rọ tún bàjẹ́ níbẹ̀, ó sì bọ́ sí àsìkò tí omi kò tó nínú ìsédò. Ẹ wò ó bí ewu méjì ṣe pàdé ara wọn lóríta. Bí ẹ̀rọ nìkan bá bàjẹ́, omi ì bá ràn án lọ́wọ́. Bí omi nìkan bá fà, ẹ̀rọ ì bá gbé e. Ọjọ́ tí méjèèjì bá pàdé ni ọjọ́ tí ẹja ìyá wa bàjẹ́. Nítorí náà, olórí àbójútó ewu tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í béèrè pé "kí ló lè bàjẹ́?" nìkan. Ó tún gbọ́dọ̀ béèrè pé "èwo pẹ̀lú èwo ló lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà?"

Ìjọba kò jókòó. Soubré ti wà láti 2017, mẹ́gáwáàtì 275 ni agbára rẹ̀, òun ló sì tóbi jù nínú àwọn ìsédò tí a ti dárúkọ. Gáàsì láti Baleine, tí ilé-iṣẹ́ Eni rí nínú òkun ní 2021, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2023. Ní Boundiali, lápá àríwá, wọ́n ti ń fi oòrùn ṣe iná. Bí a ṣe ń ya ọ̀nà púpọ̀ wọ ọjà nìyẹn.

Ìbéèrè kejì tún wà, òun la sì fi ṣe orí ọ̀rọ̀ wa: ta ló ni ewu náà?

Ní 1990, ìjọba gba iṣẹ́ iná kúrò lọ́wọ́ EECI, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, ó sì fi àdéhùn gbé e fún CIE. Wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní 2005, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020. Nínú rẹ̀, ìjọba ló ni ìsédò àti okùn iná, CIE ló ń lò wọ́n, tó ń gbé iná dé ilé wa, tó sì ń gba owó. Láti 2011 ni CI-ENERGIES ti ń ṣojú ìjọba lórí ohun ìní náà. Àwọn tó ni Azito àti CIPREL tún yàtọ̀, àwọn tó ń wa gáàsì náà yàtọ̀. Nínú irú ilé ọlọ́pọ̀ èrò bẹ́ẹ̀, bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ni yóò ru ẹrù ọ̀dá, ta ni yóò ru ẹrù ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ta ni yóò ru ẹrù dọ́là tó gbówó lórí, ọjọ́ tí ewu bá dé, kálukú yóò máa nàka sí ẹnìkejì. Àdéhùn gáàsì pàápàá ní irú rẹ̀ nínú: ìjọba ṣèlérí láti san owó ìwọ̀n gáàsì kan, ì báà lò ó tán, ì báà má lò ó tán. Ọkàn ẹni tó ń wa gáàsì balẹ̀ nítorí pé ìjọba gba ewu yẹn sọ́rùn ara rẹ̀. Ewu kò tán nílẹ̀ o, ejìká ẹlòmíràn ló kàn bọ́ sí.

Ìrú ewu kẹta kò sí nínú ìwé ẹnjiníà. Àwa tí a wà níbí ní oṣù kìíní 1994 mọ̀ pé ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo mọ́, owó CFA sì di ìdajì: 50 tí a ń ṣẹ́ sí owó Faransé kan di 100. Gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ ní òkè òkun di ìlọ́po méjì lójú oorun. Ní oṣù kẹsàn-án 2002, ogun pín orílẹ̀-èdè yìí sí méjì. Iná ń lọ sí Bouaké àti Korhogo, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún owó rẹ̀ kò wọlé bí ó ti yẹ. Ní ìparí oṣù kejì 2011, nígbà ìjà ìdìbò, wọ́n gé iná apá àríwá àti àárín gbùngbùn, omi sì dá pẹ̀lú. Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ tó jókòó síwájú ẹ̀rọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn okùn tí wọ́n fẹ́ gé. Kò sí òṣùwọ̀n tó lè wọn ìyẹn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe ni kí ó ti pinnu nígbà àlàáfíà ohun tí yóò dáàbò bò kọ́kọ́: ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́, ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ omi. Ìgbà tí ìbọn bá ti ń dún kì í ṣe ìgbà ìpàdé.

Ìrú ewu kẹrin, àwa náà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ síra wa. Okùn iná tó lọ́ mọ́ra wọn bí òwú aláǹtakùn lókè òrùlé àwọn àdúgbò wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn kan nínú wa ń fa iná láti ilé aládùúgbò, wọ́n ń san owó lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Lójú ilé-iṣẹ́, olè ni. Lójú tiwa, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé fírísà mẹ́ta yóò gbóná, yóò sì jó. Iná ọmọ ọrẹ̀, iná ọjà. Láti 2014 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Électricité Pour Tous ti wà fún mẹ̀kúnnù: ẹgbẹ̀rún kan CFA la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú owó iná. Ẹni tó bá mọ́kàn le kó wá bá ìgbìmọ̀ wa, a ó bá a kọ ìwé rẹ̀.

Irú èèyàn wo ló yẹ kó ṣe olórí iṣẹ́ yìí? A rí ohun mẹ́ta. Èkíní, ó gbọ́dọ̀ lè bá ọ̀gá pátápátá sọ̀rọ̀ láìgba ẹnu ẹlòmíràn, nítorí ẹni tí ewu ti ọwọ́ rẹ̀ wá kì í fẹ́ kí ìròyìn náà dé òkè. Èkejì, kì í ṣe òun ni yóò gbé gbogbo ewu fúnra rẹ̀. Ewu ẹ̀rọ ti ẹnjiníà ni, ewu owó ti akọ̀wé owó ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó rí i pé kò sí ewu kankan tí kò ní olówó. Ẹ̀kẹta, kó máa tún ìwé ewu yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Àwọn baba wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ìwé ewu tí a kọ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí a kò tún ṣí wò, ìwé ìtàn ló dà.

A tún fẹ́ dárúkọ ẹnìkan, Marcel Zadi Kessy, ọmọ ilẹ̀ yìí, tó darí SODECI, ilé-iṣẹ́ omi, kí ó tó di pé ó darí CIE pẹ̀lú. Ó kọ ìwé ní 1998 lórí àṣà Áfíríkà àti ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ìgbàlódé. Ohun kan tó yé e dáadáa ni pé òṣìṣẹ́ Áfíríkà kì í dá nìkan wá sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ẹbí ló ń gbé pọ̀n wá. Bí òkú bá kú nílé tí kò ní owó, ojú rẹ̀ lè wọ àpò ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, owó ìrànwọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ jọ dá kì í ṣe àánú lásán, ààbò ilé-iṣẹ́ ni pẹ̀lú. Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn wa! Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ńlá ń pè ní àbójútó ewu. Ohun tó kù wá kù ni ìwé àti ètò.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ wa ti kọ ìwé ewu ẹgbẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú ewé kan péré. Ewu márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olówó àti ohun tí a fẹ́ ṣe sí i.

Èkíní, owó ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹnìkan. A dín in kù: báńkì ni yóò máa gbé, èèyàn mẹ́ta ni yóò sì máa fọwọ́ sí i kí ó tó jáde. Akápò ni olówó ewu yìí.

Èkejì, ìwé ìdánimọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n jó ilé ọ̀pọ̀ àlejò ní Àbíjàn ní 2002 la ti mọ̀ pé ẹni tí ìwé rẹ̀ jóná ti di aláìlórúkọ. Kí kálukú mú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wá, a ó kó o sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ̀wé ni olówó.

Ẹ̀kẹta, iná nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ iná yóò máa yẹ okùn wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láìgba kọ́bọ̀. Olórí ọ̀dọ́ ni olówó.

Ẹ̀kẹrin, ọjà tó bàjẹ́. Èyí ni ti ìyá ẹlẹ́ja. Ẹni tó bá ń lo fírísà yóò máa dá owó díẹ̀ lóṣooṣù sí àpò ọ̀tọ̀, àpò náà ni yóò sì gbé apá kan àdánù rẹ̀ bí iná bá lọ pẹ́. A kò lè gbé gbogbo rẹ̀, a kò sì ní purọ́ pé a lè gbé e. Ìyálọ́jà ni olówó.

Ìkarùn-ún, gbígbé òkú padà sílé. Owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ọjọ́ kan sì lè wà tí òkú méjì yóò ṣubú lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ rántí ẹ̀rọ àti omi ọdún 2021. Ìgbìmọ̀ wa fúnra wa ni olówó eléyìí.

Àwọn ewu kan wà tí a kò kọ, nítorí agbára wa kò ká wọn. Ìyẹn la fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí a má fi èyí tí agbára wa ká lé E lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ní ìpàdé ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ pe olówó ewu kọ̀ọ̀kan síwájú, kí ẹ bi í pé kí ló ti ṣe. Bí kò bá rí nǹkan sọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Kí ẹ kọ́kọ́ bi àwa ìgbìmọ̀. A ti ránṣẹ́ sí ìyá ẹlẹ́ja wa pé kó wá gba orúkọ àkọ́kọ́ nínú àpò tuntun náà. Ó wà níjókòó láàárín yín báyìí. Ẹ bá wa kí i.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí àdánù. Kí Ó jẹ́ ká máa kí ara wa kú ewu pẹ̀lú ẹ̀rín.